Erin Tí Kò Tú Bọ́tìnnì Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ o, torí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, tí ẹ bá fún un láyè, orúkọ rẹ̀ nìkan á gba gbogbo ojú ìwé. Ẹkúndayọ̀ Adéjọbí ni èmi ń pè é. Tó bá gbọ́ pé mo pe orúkọ rẹ̀ lásán báyìí, inú rẹ̀ ò ní dùn. Inú tèmi náà ò dùn sí i láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, nítorí náà a jọ ta ọ̀mì ni.

Orúkọ tí òun fẹ́ kí wọ́n máa pe òun nìyí: Olóyè, Alàgbà, Ẹnjiníà, Baba Ìsàlẹ̀ Àwọn Awakọ̀, Òpómúléró Ìbánisọ̀rọ̀, Akọ Erin Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Alága Pátápátá, Ẹkúndayọ̀ Adéjọbí. Oyè méje, mo fìka kà á. Ẹnjiníà tó wà láàárín yẹn, ẹ má bi mí léèrè. Ọkùnrin tí iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kú, tó gbé e tọ fọ́gánáísà lọ!

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Òkè kan wà lẹ́bàá Ọ̀tan-Ilé. Ẹ̀yìn òkè náà ni àwọn abà kòkó wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ò sì dé ibẹ̀ rí. Ilé ìlera kékeré kan wà láàárín àwọn abà náà, Nọ́ọ̀sì Phebe, ọmọ Iléṣà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ló ń dá mójú tó o. Bí ọ̀rọ̀ aboyún bá le débi iṣẹ́ abẹ, Iléṣà ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ, áńbúláǹsì kan ṣoṣo tí wọ́n ní sì rèé, Ọ̀tan-Ilé ló máa ń dúró sí, lápá kejì òkè. Ọlọ́kadà ni nọ́ọ̀sì ń rán lọ pè é. Lọ́dún tó kọjá, ọlọ́kadà kan ṣubú lójú ọ̀nà, aboyún tí wọ́n torí rẹ̀ rán an ò sì lè dúró dè é. Mo ti sọ ìyẹn, mi ò ní sọ ọ́ mọ́.

Àwọn ará abà kọ̀wé, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n tún kọ̀wé. Ìjọba gbà láti ra rédíò ìpè fún wọn, irú èyí tí ẹni ìhín fi ń bá ẹni ọ̀hún sọ̀rọ̀ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Ìpè Pàjáwìrì sílẹ̀ sí Òṣogbo pé kí wọ́n yẹ rédíò wò, kí wọ́n mú èyí tó dára. Ta ni wọ́n fi ṣe alága? Ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Àmúdà ló kó rédíò wá. Àmúdà yìí ti ń tún rédíò ṣe ní Òṣogbo fún ogún ọdún, kò sì fẹ́ràn ariwo. Ó tò wọ́n sórí tábìlì.

“Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà,” ó ní. “Oríṣi méjì ni mo gbé wá. Kékeré yìí ni wọkitọ́kì, ọwọ́ lèèyàn ń mú un. Ó fúyẹ́, ó dára fún ẹni tó ń rìn nínú oko. Tí ẹ bá wà nítòsí ẹni tó fẹ́ gbọ́ yín, ó tó. Ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀ jìnnà, òkè ò sì ní jẹ́ kó kọjá àfi téèyàn bá gun ibi gíga, bátìrì rẹ̀ ò sì gba ọ̀rọ̀ gígùn. Ńlá yìí, inú ọkọ̀ là ń dè é mọ́, bátìrì ọkọ̀ ló ń lò, ohùn rẹ̀ ń lọ jìnnà gan-an, ó sì ní áńtẹ́nà gíga...”

“Èwo ló ga jù?” Alága bi í.

“Kì í ṣe ti gíga, sà, ohun tó...”

“Mo ní èwo ló ga jù!”

“Ti ọkọ̀ ni, sà.”

“Ìyẹn ló yẹ mí.”

Testimony, akọ̀wé rẹ̀, pàtẹ́wọ́ gbàà. Iṣẹ́ Testimony nìyẹn. Tí Alága bá sín, á ní, “Ẹ ò rí i bí ọgbọ́n ṣe ń jáde nímú wọn!” Ẹ má bú u jàre, ó ní ọmọ mẹ́ta.

Àmúdà gbìyànjú. Ó ní ńlá méjì ni ìgbìmọ̀ lè rí rà: kí wọ́n de ọ̀kan mọ́ áńbúláǹsì, kí wọ́n gbé ìkejì sí ilé ìlera pẹ̀lú bátìrì ọkọ̀ àti sólà, kí wọ́n sì pín àwọn kékeré fún àwọn tó ń rìn káàkiri abà. “Ohun kan tún kù o,” ó ní. “Ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì yìí, ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀, ẹ ò lè gbọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ kí ẹ tó lè gbọ́ ẹlòmíì.”

“Kí ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì?” Alága ní. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, mo bẹ̀ yín.

Ó ní kí wọ́n dán kékeré wò lójú òun. Ó rán Testimony jáde pé kó máa mú un rìn lọ sọ́nà Igbó Ọ̀ṣun, kó máa kí òun bọ̀. Testimony ń kí i, ó ń kí i, ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀, ó dé abẹ́ àwọn igi ńlá ọ̀hún, ló bá ku “kèèèè” nìkan.

“Ṣé ẹ rí i?” Alága fi ọwọ́ lu tábìlì. “Mo pè é, kò dá mi lóhùn. Rédíò yìí ò ní ìwà! Níwọ̀n bí kò ti ní ìwà, kí wọ́n pín in fún àwọn tí kò ní ipò.”

Bí wọ́n ṣe pín in nìyẹn. Ńlá kan wọ inú jíìpù Alága, pẹ̀lú fèrè tó ń ké bíi ti ọlọ́pàá. Ńlá kejì lọ sí pálọ̀ rẹ̀ ní Òṣogbo, kí ìyàwó rẹ̀ lè máa gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin yẹn ti gbọ́ ohùn náà fún ọdún mọ́kàndínlógójì, aṣọ ìnura ló fi bo rédíò náà lọ́jọ́ kejì. Kékeré kan wọ inú áńbúláǹsì, kékeré kan lọ sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Phebe.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ó tán, ẹ ṣì ń bọ̀. Alága kọ òfin ìpè. Ó ní ọmọ Yorùbá kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ láìkí i, rédíò ò sì gbọ́dọ̀ bá àṣà wa jẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá pè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí Alága, kó dárúkọ oyè méjèèje bó ṣe tò ó, kó dúró kí Alága jẹ́ ẹ, kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Ó tún fún gbogbo wọn lórúkọ ìpè. Òun ni Erin. Nùrẹ́nì tó ń wa áńbúláǹsì ni Ewúrẹ́ Kìíní. Nọ́ọ̀sì Phebe ni Ewúrẹ́ Kejì.

“Sà,” Nọ́ọ̀sì Phebe béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ní òfin náà, “tí ẹ̀mí èèyàn bá wà lẹ́nu ewu ńkọ́?”

“Ẹ̀mí tó bá mọ̀wà á dúró,” Alága dá a lóhùn. Testimony kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni kọ ìwé mímọ́.

Ó tún ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sẹ́bàá ọ̀nà ilé ìlera, nítòsí oko kòkó bàbá tó bí i, pé ibẹ̀ lòun máa ri òpó rédíò tí àwòrán òun á wà lókè rẹ̀. Àmúdà ní wọn ò nílò òpó kankan níbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò. Òpó ò dé. Kòtò wà níbẹ̀, ó lanu kalẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, Sátidé kan báyìí, lórí pápá ilé-ìwé ní Ọ̀tan-Ilé. Wọ́n ta kánópì. Kọmíṣọ́nnà fúnra rẹ̀ wá láti Òṣogbo, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n pàṣẹ fún gbogbo àgbẹ̀ ẹ̀yìn òkè pé kí wọ́n wá jókòó, kí èrò lè pọ̀. Akeem wà lára wọn. Kifayat ìyàwó rẹ̀ wà nílé pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́sàn-án, Akeem sì ti ní òun ò fẹ́ lọ. Wọ́n ní ẹni tí kò bá wá, áńbúláǹsì ò ní gbé aláìsàn rẹ̀ láéláé. Kí ni kó ṣe?

Alága ò gbà kí mọ́tò ẹnikẹ́ni wà níwájú tòun. Jíìpù rẹ̀ ló dúró lẹ́nu géètì, ọkọ̀ Kọmíṣọ́nnà wà lẹ́yìn rẹ̀, ti gbogbo àlejò tò tẹ̀ lé e, áńbúláǹsì ló wá kẹ́yìn. Testimony so àsíá tí àwòrán Alága wà lára rẹ̀ mọ́ orí áńtẹ́nà jíìpù, ó so etí kejì mọ́ igi kánópì. Ó sì fa wáyà láti inú rédíò jíìpù lọ sára sípíkà ńláńlá mẹ́rin, kí gbogbo ayé lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí Erin láti òkèèrè. Alága jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn jíìpù, ó di máìkì mú lọ́wọ́ bí ẹni di ọ̀pá àṣẹ mú, ó ti ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko.

“Kí èmi tó dé,” ó ń wí, “ta ló ń gbọ́ ara wọn nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà? Bàbá ò gbọ́ ti ọmọ, ọkọ ò gbọ́ ti ìyàwó! Mo fi ẹsẹ̀ kan tẹ Òṣogbo, mo fi ìkejì tẹ Iléṣà, mo ní kí ohùn kọjá láàárín!”

Bàbá àgbẹ̀ kan rọra bi Akeem pé ẹsẹ̀ wo ló wá fi dúró.

Ní àkókò yẹn gan-an, lẹ́yìn òkè, wọ́n fi ọ̀kadà gbé Kifayat dé ilé ìlera. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Nọ́ọ̀sì Phebe wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá òun, Iléṣà nìkan ló kù. Ó fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó mú wọkitọ́kì, ó sáré gun àpáta ẹ̀yìn ilé kí ohùn rẹ̀ lè ré kọjá òkè. Bátìrì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ Alága ló gba inú rẹ̀ kan, ó dúró títí Alága fi tú bọ́tìnnì sílẹ̀ láti mu omi.

Sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ké lẹ́ẹ̀kan náà: “Ìpè pàjáwìrì! Nọ́ọ̀sì Phebe nìyí, ẹ jọ̀ọ́, áńbúláǹsì...”

Ojú Alága tàn. Ó rò pé ìkíni tí Testimony ṣètò ló dé. Ó tẹ bọ́tìnnì. “Ta ló ń pe Erin láìkí Erin? Ṣé Ewúrẹ́ Kejì ni?”

“Ewúrẹ́ Kejì ni, sà. Olóyè, Alàgbà, Ẹnjiníà, Baba Ìsàlẹ̀ Àwọn Awakọ̀, Akọ Erin...”

“Dúró! O fo Òpómúléró Ìbánisọ̀rọ̀. Padà sí ìbẹ̀rẹ̀.”

Èrò rẹ́rìn-ín. Ẹ má dá wọn lẹ́bi, wọn ò tíì mọ̀.

“Sà, mo bẹ̀ yín, ẹ̀jẹ̀...”

Alága tún ti tẹ̀ ẹ́. “Àlejò wà níjókòó, Ewúrẹ́ Kejì! Kọmíṣọ́nnà ń gbọ́ wa! Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ ní Iléṣà nìyẹn? Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé, ṣé ojú fèrèsé ló ń gbà? Oyè karùn-ún, kí là ń pè é?” Ó tú u sílẹ̀.

“...fayat, ìyàwó Akeem,” ohùn náà jáde, “ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, mi ò lè dá a dúró. Sà, bátìrì mi ń kú lọ. Ẹ sáà sọ pé ẹ ń bọ̀. Gbólóhùn kan péré, sà. Ẹ ní, ‘À ń bọ̀.’”

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Akeem ti dìde láàárín èrò, ó gbé ọwọ́ lérí. “Láílà! Ìyàwó mi ni! Ìyàwó mi nìyẹn!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Èmi á ti sọ ọ́, ẹ̀yin á ti sọ ọ́, ọmọ ọdún mẹ́ta á ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Alága wo ojú Kọmíṣọ́nnà, ó rí i pé ó ń wo òun, ó rò pé ó ń yẹ́ òun sí ni. Ó tún agbádá ṣe lọ́rùn, ó tẹ bọ́tìnnì.

“Gbogbo ohun tó bá yẹ ní ṣíṣe,” ó bẹ̀rẹ̀, “la ó ṣe bó ṣe yẹ ká ṣe é, lẹ́yìn tí a bá ti kí ẹni tó yẹ ní kíkí, bó ṣe yẹ ká kí i, ní ibi tó yẹ...”

Nígbà tó máa fi tú u sílẹ̀, sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dún “kèèèè.” Bátìrì ti kú.

Kọmíṣọ́nnà dìde. “Áńbúláǹsì dà?”

“Ó wà lẹ́yìn pátápátá, mà,” Nùrẹ́nì dáhùn, ojú ń tì í. “Àga oyè bàbá ni mo fi gbé wá láti Òṣogbo láàárọ̀.”

“Àga?”

“Lórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, mà. Wọ́n ní kí n fi bẹ́líìtì dè é.”

“Ọkọ̀ wo ló lè jáde báyìí báyìí?”

“Jíìpù bàbá nìkan, mà. Òun ló dí géètì.”

“Kí lẹ tún ń dúró ṣe?”

Nùrẹ́nì ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó fò sídìí ọkọ̀, Akeem fò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n rọra ti Alága bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, òun àti máìkì ọwọ́ rẹ̀. Fèrè ké, jíìpù ta jáde. Testimony pariwo pé, “Àsíá! Àsíá!” Ó ti pẹ́ jù. Áńtẹ́nà gíga fa àsíá, àsíá fa igi kánópì, kánópì fò sókè díẹ̀, ó rò ó wò, ó sì wó lulẹ̀ bo àwọn èèkàn ìlú, wọ́n ń jà gùdùgùdù lábẹ́ rẹ̀ bí adìyẹ inú agbọ̀n. Jíìpù ń lọ, ó ń wọ́ àwòrán Alága nínú eruku ojú ọ̀nà.

Kọmíṣọ́nnà ló kọ́kọ́ yọrí jáde. Gèlè rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Níwájú rẹ̀ ni Alága dúró, máìkì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wáyà rẹ̀ tó já ń mì dirodiro, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnnì.

“Ọlọ́lá jùlọ,” ó ń sọ sínú máìkì náà, “Kọmíṣọ́nnà wa ọ̀wọ́n, ìyá tó ju ìyá lọ, àwòkọ́ṣe obìnrin...”

“Bàbá,” obìnrin náà ní, “ẹ tú bọ́tìnnì yẹn sílẹ̀. Ó ti parí.”

Lẹ́yìn òkè, Nọ́ọ̀sì Phebe ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta. Kò mọ̀ bóyá wọ́n ń bọ̀ tàbí wọn ò bọ̀. Ó di Kifayat lọ́wọ́ mú, ó ń kọrin ìsìn lábẹ́nu, ìyá ọkọ Kifayat ń ṣe “Lá iláhà”, kò sí èyí tó dá èkejì dúró. Àfi fèrè lójijì! Inú bí Nọ́ọ̀sì Phebe nígbà tó rí jíìpù náà, ó rò pé Alága wá gba ìkíni rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tó rí Akeem tó bọ́ sílẹ̀, ló bá bú sẹ́kún.

Wọ́n dé Iléṣà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Akeem pe Àmúdà tó ń dúró de ìròyìn ní Ọ̀tan-Ilé lórí fóònù, kò lè sọ̀rọ̀, “Àlùhamúdùlílàhì” nìkan ló ń wí. Obìnrin ni ọmọ náà. Ìyá wà, ọmọ wà. Dókítà ní tó bá fi díẹ̀ pẹ́ sí i ni, òun ò bá má lè sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà dé bá Ẹkúndayọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Kò gùn: wọ́n ti yọ ọ́ nípò alága. Orúkọ rẹ̀ wà lókè rẹ̀ láìsí oyè kankan níwájú rẹ̀, ìyẹn sì dùn ún ju ìyókù lẹ́tà náà lọ. Wọ́n gba jíìpù. Wọ́n tú ńlá inú rẹ̀, wọ́n dè é mọ́ áńbúláǹsì. Wọ́n lọ gba ti pálọ̀, ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e jáde fún wọn, ó tún fi aṣọ ìnura kún un. Ìyẹn wà ní ilé ìlera báyìí, Àmúdà ló bá wọn so sólà rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tó sọ lọ́jọ́ kìíní náà ni wọ́n padà wá ṣe. Testimony ti ń pàtẹ́wọ́ fún alága tuntun.

Ẹkúndayọ̀ kó padà sí oko kòkó bàbá rẹ̀ lẹ́yìn òkè. Wọkitọ́kì kékeré kan wà tí kò dá padà. Ó ń mú un rìn, ó ń tẹ́tí sí i, ó ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa pe Erin. Wọn ò pè é.

Nígbà tí òjò wá ń rọ̀ lemọ́lemọ́, koríko hù bo gbogbo ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jáde pẹ̀lú agbádá (lóko!), ó ń wòkè bó ṣe máa ń wòkè, ilẹ̀ sì yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbì! Omi dé e ní orúnkún. Ó na ọwọ́ sókè, kò tó. Ó ké, oko dákẹ́. Ó wo fóònù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ló bá fa wọkitọ́kì yọ. Ilé ìlera ò jìnnà síbẹ̀, Àmúdà sì ti sọ ọ́: tí ẹ bá wà nítòsí ẹni tó fẹ́ gbọ́ yín, ó tó.

“Èmi Olóyè, Alàgbà, Ẹnjiníà, Baba Ìsàlẹ̀...”

Bátìrì ké bíìp.

“Ilé ìlera ń gbọ́,” Nọ́ọ̀sì Phebe dáhùn. “Níbo lẹ wà? Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“...Àwọn Awakọ̀, Òpómúléró...”

Bíìp. Bíìp.

Omi ń tutù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó sọ ọ́ ní ṣókí.

“Èmi Ẹkúndayọ̀ ni. Mo wà nínú kòtò.”

“Kòtò wo, sà?”

“Kòtò mi.”

Kifayat wà ní ilé ìlera lọ́jọ́ náà, ó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Phebe wò ó. Ó na máìkì sí i. Kifayat pọn ọmọ rẹ̀ dáadáa, ó gbà á, ó tẹ bọ́tìnnì.

“À ń bọ̀,” ó ní, ó sì tú u sílẹ̀.